Atalanta àti Lookman: ohun tó wà nídìí sáà 2024–25 àti ìjà tó tẹ̀ lé e

Ní ọjọ́ Kẹta oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Ademola Lookman, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tó ń gbá fún Atalanta, ẹgbẹ́ ìlú Bergamo ní Ítálì, bọ́ sórí Instagram, ó tú ohun tó wà nínú rẹ̀ síta. Ó ní gbogbo agbára òun lòun ti lò fún Atalanta. Ó ní àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà ti ṣèlérí fún òun tẹ́lẹ̀ pé bí owó tó bójú mu bá wọlé, wọn ò ní di òun lọ́nà, àmọ́ wọ́n ti wá yẹ àdéhùn. Inter Milan mú owó wá lóòótọ́. Atalanta wò ó, wọ́n ní kò tó. Lookman kọ̀wé pé òun fẹ́ máa lọ, kò sì yọjú síbi ìgbaradì mọ́.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ṣe máa ń rí láàárín wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, apá kan ti sọ ọmọ náà di abaramóorejẹ, apá kejì ti ń pariwo pé wọ́n ń rẹ́ ọmọ wa jẹ. Èmi ò bá ìkankan nínú wọn lọ. Bí wọ́n ṣe gbé Atalanta kalẹ̀ láti ìpìlẹ̀ ni pé kí ẹni tó bá mókè jù máa lọ. Kò sẹ́ni tó ń jà lórí bóyá yóò lọ tàbí kò ní lọ. Ta ni yóò dá ọjọ́, ta ni yóò dá iye, ibo sì ni yóò gbà lọ? Ibẹ̀ ni ìjà wà. Tí a bá fẹ́ mọ bó ṣe le tó bẹ́ẹ̀, àfi ká padà sínú sáà 2024–25, nígbà tí ẹgbẹ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba líìgì Ítálì fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn rẹ̀.

Ẹgbẹ́ tó ń tà kó tó jẹun

Bergamo kì í ṣe ìlú ńlá. Nǹkan bí 120,000 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀, kò sì ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ sí Milan, níbi tí Inter àti AC Milan ti ń pín pápá San Siro lò, pápá tó ń gba èèyàn tó lé ní 75,000. Pápá ti Atalanta kò gbà ju nǹkan bí 25,000 lọ. Láti 1907 tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọn ò gba líìgì rí. Ife Coppa Italia ti ọdún 1963 nìkan ni ife ńlá tí wọ́n fi ń yangàn títí di ọdún 2024. Láti 2010 ni ẹgbẹ́ náà ti máa ń fún ọmọ tuntun tí wọ́n bá bí ní Bergamo ní jẹ́sì kékeré kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀bùn tó wuyì ni, àmọ́ ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: tí wọn ò bá tètè wọ ọmọ ọ̀hún láṣọ, Inter tàbí Milan tàbí Juventus á wọ̀ ọ́.

Antonio Percassi ló ni ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún Atalanta nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ náà rí, ó sì tún padà rà á ní 2010. Ọmọ rẹ̀, Luca, ló ń bójú tó iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ní 2022, àwọn olówó kan láti Amẹ́ríkà, tí Stephen Pagliuca jẹ́ aṣáájú wọn, ra ìpín tó pọ̀ jù, síbẹ̀ ọwọ́ bàbá àti ọmọ yìí ni ìdarí ṣì wà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jẹun kò fara sin. Wọ́n á tọ́ ọmọ dàgbà ní Zingonia, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù wọn wà, tàbí kí wọ́n ra ẹni tí àwọn yòókù ò kà sí. Kọ́ọ̀ṣì á sọ ọ́ di nǹkan. Owó ńlá á wọlé, wọ́n á sì lọ wá ẹlòmíràn. Alessandro Bastoni ò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí Inter rà á ní 2017. Dejan Kulusevski gba ibẹ̀ lọ sí Juventus. Rasmus Højlund ni ti gbogbo ayé: nǹkan bí 17 mílíọ̀nù yúrò ni wọ́n fi rà á lọ́wọ́ Sturm Graz ní 2022, ọdún kan péré lẹ́yìn náà Manchester United san owó tó lé ní 70 mílíọ̀nù yúrò lórí rẹ̀. Owó báyìí ni wọ́n fi ń tún pápá ṣe, òun ni wọ́n fi ń ra ọmọ mìíràn, òun náà ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ ìlú kékeré máa jókòó pẹ̀lú àwọn ọlọ́lá.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé Atalanta ò fẹ́ tà, kò mọ̀ wọ́n. Títà ni iṣẹ́ wọn.

Gasperini àti ọ̀nà rẹ̀

Gian Piero Gasperini dé Bergamo ní 2016. Inter ti gbà á síṣẹ́ rí ní 2011, wọ́n sì lé e lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún péré, nítorí náà kò sẹ́ni tó retí nǹkan bàbàrà. Nínú márùn-ún àkọ́kọ́ tó darí ní Atalanta nínú líìgì, mẹ́rin ni wọ́n pàdánù. Ibòmíràn ì bá ti lé e. Percassi fi í sílẹ̀, wọ́n sì parí sáà náà sí ipò kẹrin.

Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í fúnni nísinmi. Èèyàn mẹ́ta lẹ́yìn, àwọn eléré sísá létí pápá méjèèjì, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì mú ẹnì kan ní gbogbo orí pápá. Ẹni tí wọ́n bá ní kó o mú, ìwọ lo ni ín: tó bá lọ mumi létí ìlà, bá a lọ. Ó ń gba agbára, ó ń gba ìgbọràn ju agbára lọ. Ẹni tó bá gbọ́ràn sí Gasperini lẹ́nu, iye rẹ̀ lọ́jà á di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ bi Papu Gómez. Balógun ẹgbẹ́ ni, ẹni tí gbogbo Bergamo ń kọrin fún. Òun àti Gasperini ní aáwọ̀ lóṣù Kejìlá 2020, nígbà tí oṣù Kìíní máa parí, ó ti wà ní Sevilla. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó lọ.

Èyí ni ilé tí Lookman wọ̀ ní oṣù Kẹjọ 2022. London ni wọ́n bí i sí ní 1997, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀. Charlton ló ti bẹ̀rẹ̀, ó lọ sí Everton, ó lọ sí Leipzig ní Jámánì, wọ́n yá a fún Fulham, wọ́n yá a fún Leicester, kò rí ibi fìdí kalẹ̀ sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní England fi ń rántí rẹ̀ nígbà náà ni alẹ́ kan lóṣù Kọkànlá 2020, tí Fulham rí pẹ́nárítì gbà lọ́wọ́ West Ham nígbà tí eré fẹ́ parí tán, tí wọ́n sì ń pàdánù pẹ̀lú gọ́ọ̀lù kan. Lookman fẹ́ fi ṣe fújà: ó rọra ta bọ́ọ̀lù sókè sí àárín ilé, ó bọ́ sọ́wọ́ Fabianski, aṣọ́lé West Ham, bí ẹni gbé ẹyin fún un. Wọ́n bú u bí ẹní máa kú. Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn yẹn síbì kan, a ó padà sí i.

Ní Bergamo, Gasperini gbé e kúrò létí pápá, ó mú un sún mọ́ ilé. Sáà àkọ́kọ́, gọ́ọ̀lù 13 nínú líìgì. Èkejì, 11, àti àṣekágbá Europa League ní Dublin lọ́jọ́ Kejìlélógún oṣù Karùn-ún 2024. Bayer Leverkusen ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 51 láìfìdí rẹmi kí wọ́n tó débẹ̀. Atalanta nà wọ́n ní 3-0, Lookman ló gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú àṣekágbá ìdíje náà láti ìgbà tí wọ́n ti ń pè é ní Europa League. Ẹgbẹ́ tó ti fi ọdún 61 wá ife rí i gbé.

Sáà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti líìgì

Nígbà tí sáà 2024–25 fi máa bẹ̀rẹ̀, wàhálà ti wà nílẹ̀. Gianluca Scamacca, atamátàsé wọn, fara pa ní orúnkún nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ kí líìgì tó ṣí. Teun Koopmeiners, tó jẹ́ òpó àárín pápá, ti pinnu pé Juventus lòun ń lọ, kò sì bá wọn gbaradì mọ́. Wọ́n jà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn-ọ̀rẹyìn Juventus san owó tó lé ní 50 mílíọ̀nù yúrò, ó lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà tí Lookman wá ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kódà lórí Lookman fúnra rẹ̀, wọ́n ti ń dárúkọ PSG nígbà náà.

Wọ́n sáré lọ ra Mateo Retegui lọ́wọ́ Genoa, ọmọ tí wọ́n bí ní Argentina tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Ítálì. Owó tó bọ́ sí i ni. Àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ò dán: Real Madrid nà wọ́n ní 2-0 ní Warsaw nínú UEFA Super Cup, Inter nà wọ́n ní 4-0, Como, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè wá láti ìsàlẹ̀, wá nà wọ́n nílé wọn.

Ni nǹkan bá yí padà lóṣù Kẹwàá. Wọ́n na Genoa ní 5-1, Retegui gba mẹ́ta sáwọ̀n ẹgbẹ́ tó ti wá. Wọ́n na Verona ní 6-1. Lọ́jọ́ Kẹta oṣù Kọkànlá, wọ́n lọ sí Naples, Napoli ló wà lókè tábìlì nígbà náà, wọ́n fi 3-0 fàgbà hàn wọ́n, Lookman gba méjì. Roma tẹ̀ lé e, Milan tẹ̀ lé e. Ti Milan yẹn, lọ́jọ́ Kẹfà oṣù Kejìlá, mo ṣì máa ń rántí rẹ̀: ọ̀mì 1-1 ni títí ó fi kù díẹ̀ kí eré parí, wọ́n gbá kọ́nà, Lookman, tí kò ga rárá, ló fi orí kàn án wọlé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 11 ni wọ́n jáwé olúborí tẹ̀léra tẹ̀léra nínú líìgì, wọn ò ṣe irú ẹ̀ rí, kí Lazio tó bá wọn ta ọ̀mì 1-1 ní ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá. Láàárín ìyẹn náà ni Lookman lọ sí Marrakech, tí CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, fi í jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, ọdún kan lẹ́yìn Victor Osimhen. Ọmọ Nàìjíríà méjì léra, Serie A, líìgì Ítálì, ni àwọn méjèèjì sì ti ṣe orúkọ.

Kí ló wá dé tí wọn ò gbà á? Ẹ wo àbájáde wọn, ẹ ó rí ohun tó ṣàjèjì. Lóde, kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró: 3-0 ní Napoli, 2-0 ní Roma, 4-0 ní Juventus, 1-0 ní Milan, 5-0 ní Verona, níbi tí Retegui ti gba mẹ́rin, àti 5-0 ní Empoli. Nílé, wọ́n bá Cagliari ta ọ̀mì 0-0, wọ́n bá Venezia ta 0-0, wọ́n bá Lecce ta 1-1. Ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, bí wọn ò ṣe ní bọ́ sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń dù.

Àlàyé rẹ̀ wà nínú bọ́ọ̀lù Gasperini fúnra rẹ̀. Tí o bá mú ènìyàn lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ibi tí alátakò bá sá lọ ni àyè ti máa ń ṣí. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń jáde wá gbá bọ́ọ̀lù nílé wọn, wọ́n ń fi ẹ̀yìn sílẹ̀, Lookman á sì wọ àlàfo náà kí wọ́n tó mọ̀. Àmọ́ Venezia tó bá wá sí Bergamo kì í jáde. Èèyàn mẹ́wàá á tò síwájú ilé, ta lo fẹ́ sá tẹ̀ lé? Nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, ọlọ́gbọ́n ẹsẹ̀ bíi Papu Gómez tàbí Josip Iličić, tó ti gbá fún wọn rí, ni wọ́n nílò, ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ kan tú ìdè. Koopmeiners ti lọ, Scamacca wà lórí ibùsùn, Lookman nìkan ló sì kù tó lè ṣe é. Tí òun náà bá fara pa, tán.

Alẹ́ pẹ́nárítì

Ó sì fara pa níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì. Ìgbà yẹn náà ni Champions League dé ibi tó le. Nínú ìpele àkọ́kọ́, àmì 15 ni Atalanta ní, ipò kẹsàn-án ni wọ́n sì wà. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ nìkan ló ń kọjá tààrà. Aston Villa tó ṣe ìkẹjọ ní 16. Àmì kan ṣoṣo ló sọ wọ́n sínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ alátúnṣe pẹ̀lú Club Brugge. Wọ́n pàdánù ní 2-1 ní Belgium, pẹ̀lú pẹ́nárítì ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn tó bí Gasperini nínú gan-an.

Ọjọ́ Kejìdínlógún oṣù Kejì, Bergamo. Kí wọ́n tó lọ sinmi, àlejò ti gba mẹ́ta sáwọ̀n, Chemsdine Talbi méjì, Ferran Jutglà ọ̀kan. Lookman, tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá, wà lórí bẹ́ǹṣì. Gasperini ní kó wọlé fún abala kejì. Eré ò tíì pé ìṣẹ́jú kan dáadáa tó fi gba gọ́ọ̀lù. Pápá hó. Mẹ́ta ṣì kù láti fi bá Brugge dọ́gba, àmọ́ àkókò pọ̀, ẹ̀rù sì ti ń ba àlejò.

Nígbà tó tó bí ọgọ́ta ìṣẹ́jú, rẹfirí fún wọn ní pẹ́nárítì. Retegui wà lórí pápá. Charles De Ketelaere, tó ti gbá fún Brugge rí, wà níbẹ̀ náà. Lookman ló gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Ó sáré, ó gbá a, Simon Mignolet, aṣọ́lé Brugge, mú un. Ohùn pápá rọlẹ̀, wọn ò rí gọ́ọ̀lù kankan gbà mọ́. 3-1 lálẹ́ náà, 5-2 tí a bá pa á pọ̀.

Tó bá mọ síbẹ̀, ìpàdánù lásán ni. Gasperini jókòó síwájú àwọn oníròyìn, ó ní Lookman wà lára àwọn tí ò mọ pẹ́nárítì í gbá jù tí òun ti rí rí, ó ní bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe níbi ìgbaradì, ó ní Retegui àti De Ketelaere ló yẹ kí wọ́n gbá a, ohun tí Lookman ṣe yẹn ò dùn mọ́ òun rárá. Lọ́jọ́ kejì, Lookman fèsì ní gbangba. Ó ní bí kọ́ọ̀ṣì ṣe yọ òun sọ́tọ̀ dun òun, ó sì jẹ́ ìwọ̀sí ńlá. Ó ní ẹni tí wọ́n yàn pé kó gbá a ló ní òun ò gbá a, òun sì gbà á nítorí ẹgbẹ́.

Níbi tí mo dúró sí, Gasperini lè jàre lórí pẹ́nárítì, àmọ́ kò jàre lórí ẹnu. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, Retegui gbá pẹ́nárítì sí Arsenal ní pápá kan náà, David Raya, aṣọ́lé Arsenal, mú un, Retegui fi orí kàn án padà, Raya tún mú un. 0-0 ni eré náà parí sí. Tí wọ́n bá jẹ́ kí ìkan yẹn wọlé, àmì méjì á lé sí 15, Brugge ò sì ní sí nínú ọ̀rọ̀ wọn rárá. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe Retegui ní ohunkóhun. Àti pé ẹni tó ti ru ẹrù West Ham fún ọdún mẹ́rin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ade Áfíríkà, ẹnu tó o máa fi sọ fún un pé kò mọ pẹ́nárítì í gbá yàtọ̀ sí ẹnu orí tẹlifíṣọ̀n. Ní ilé tiwa, kọ̀rọ̀ la ti ń bá àgbà ọmọ wí.

Àmọ́ àwọn tó ń sọ pé pẹ́nárítì yìí ló tú ilé ká, kí wọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún péré, Atalanta na Empoli ní 5-0, Lookman gba méjì. Lọ́jọ́ Kẹsàn-án oṣù Kẹta, wọ́n na Juventus ní 4-0 ní Turin, òun ló gba ìkẹrin. Ó bínú, ó sì ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Inter ló pa àlá náà. Lọ́jọ́ Kẹrìndínlógún oṣù Kẹta, Atalanta ní 58, Inter ní 61, Inter sì wá sí Bergamo. Tí ilé bá borí, wọ́n á dọ́gba. 2-0 fún àlejò ni, wọ́n lé Ederson, agbábọ́ọ̀lù Atalanta, jáde, wọ́n lé Gasperini fúnra rẹ̀ jáde. Wọ́n tún pàdánù sọ́wọ́ Fiorentina àti Lazio tẹ̀léra, ni ọ̀rọ̀ ife bá parí. Wọ́n tún gbéra díẹ̀: wọ́n na Roma ní 2-1 lọ́jọ́ Kejìlá oṣù Karùn-ún, Lookman ló ṣí i, àyè Champions League sì di tiwọn. Ipò kẹta, àmì 74. Napoli gba ife pẹ̀lú 82, Inter ní 81. Retegui gba gọ́ọ̀lù 25, òun ló pọ̀ jù ní gbogbo Serie A. Lookman ní 15.

Iye, ọjọ́, àti ibi tó ń lọ

Lẹ́yìn náà ni ọjà ṣí. Gasperini kó ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, ó gba Roma lọ. Retegui lọ sí Al-Qadsiah ní Saudi Arabia, owó tó lé ní 60 mílíọ̀nù yúrò wọ àpò Percassi, kò sẹ́ni tó jà. Inter wá dé pẹ̀lú 42 mílíọ̀nù yúrò àti mẹ́ta mìíràn tí yóò tẹ̀ lé e bí Lookman bá ṣe dáadáa. Ìròyìn láti Ítálì ni pé 50 ni Atalanta ń wò. Luca Percassi sọ ọ́ ní gbangba pé ẹgbẹ́ ni yóò sọ ìgbà tí wọ́n máa tà àti iye tí wọ́n máa tà, kì í ṣe oníbàárà.

Àwọn kan ní Atalanta kì í tà fún ẹgbẹ́ Ítálì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Irọ́ ni. Bastoni lọ sí Inter, Robin Gosens náà lọ sí Inter, Koopmeiners lọ sí Juventus kò tíì pé ọdún kan. Ohun tó yàtọ̀ ni pé Juventus san tán. Èkejì, mi ò rò pé ó ṣeé fojú fò: nínú sáà yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Inter àti Atalanta pàdé, ẹ̀ẹ̀kan nínú Super Cup Ítálì, ẹ̀ẹ̀méjì nínú líìgì. 4-0, 2-0, 2-0. Gọ́ọ̀lù mẹ́jọ sí òdo. Ẹni tó ti nà ọ́ tó báyẹn wá ní kó o ta apá ọ̀tún rẹ fún òun, ní iye tí kò tó iye tó o dá lé e. Tí ìwọ bá ni Percassi, wà á tà?

Ìhà ti Lookman náà ní ẹsẹ̀ tó dúró lé. Ọmọ ọdún 27 ni nígbà náà, yóò pé 28 lóṣù Kẹwàá. Agbábọ́ọ̀lù tó ń gbára lé eré sísá ò ní ọdún púpọ̀ láti fi dúró. Ó ti duró ní 2024 nígbà tí PSG wá, ó ní nítorí ìlérí lòun ṣe dúró. Kọ́ọ̀ṣì tó sọ ọ́ di ènìyàn ti lọ, ẹnìkejì rẹ̀ níwájú ilé ti lọ, òun nìkan ni wọ́n ní kó jókòó. Tí ìlérí bá wà lóòótọ́, kò sí nínú ìwé, torí ká ní ó wà nínú ìwé ni, agbẹjọ́rò ni ì bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe Instagram. Kí àwọn ọmọ wa tó ń lọ gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun jọ̀ọ́, kí wọ́n máa ní kí wọ́n kọ iye tí wọ́n fi lè lọ sínú àdéhùn. Osimhen kọ ọ́ nígbà tó tún àdéhùn rẹ̀ ṣe ní Napoli lópin 2023, iye náà ga lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ayé mọ̀ ọ́n.

Ọjà tì ní ọjọ́ Kìíní oṣù Kẹsàn-án, Lookman ṣì wà ní Bergamo. Ó padà síbi ìgbaradì lábẹ́ Ivan Jurić, ọmọ ẹ̀yìn Gasperini tí wọ́n gbé ẹgbẹ́ lé lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Karùn-ún oṣù Kọkànlá, Jurić yọ ọ́ kúrò nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Champions League ní Marseille, Lookman ń kùn bó ṣe ń jáde, kọ́ọ̀ṣì fà á lápá, kámẹ́rà sì wà níbẹ̀. Atalanta borí ní 1-0 lálẹ́ náà, síbẹ̀ fídíò ìjà ló gba ìgboro. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, Sassuolo nà wọ́n ní 3-0 nílé wọn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n lé Jurić. Wọ́n gbé Raffaele Palladino wọlé.

Nígbà yẹn, Lookman ti pé 28, gọ́ọ̀lù ò sì wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀. Percassi, tó mọ ọjà ju ẹnikẹ́ni ní Ítálì lọ, kọ 45 mílíọ̀nù sílẹ̀ nígbà tí ọmọ náà wà lókè téńté. Ẹni tó bá máa ra á lẹ́yìn ìgbà náà, ọmọ ọdún 28 ló ń rà.